Ẹ̀rọ Tó Ń Ké

Obìnrin tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ síwájú ẹbu epo Bàbá Láyí, níbi tí wọ́n ti ń se epo pupa, ní Ìkọ̀yà. Obìnrin náà gbà pé èéfín ẹbu yìí ló pa ìyá òun. Lónìí ni yóò gbẹ̀san.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ kóńkó yìí ló fẹ́ mú mi?"

"Tí èéfín yín bá pọ̀, á ké, Bàbá. Ẹ̀yin náà á sì ké."

Iná ẹbu ń jó, atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ sínú oko. Ẹ̀rọ kò ké.

"Ó ti bàjẹ́ ni!" Ó fìbínú gbé e wọ yàrá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu láti tún un dán wò. Àǹtí rẹ̀ ń gbàdúrà níbẹ̀. Ó ti tan tùràrí, ó sì ti fèrèsé pa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wúkọ́.

Ẹ̀rọ figbe ta.

Bàbá Láyí nahùn láti ìta: "Ṣé ó ti mú ẹni náà?"