Ohùn Bàbá Nínú Áàpù

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ṣì wà níbẹ̀ o." Nàfísà yọ íàpíìsì létí.

"C'est pas possible! Kò lè rí bẹ́ẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n kúrò ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wọn ló máa ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí wọn ní àdúgbò Adjamé, ohùn Bàbá yìí sì ni ẹ̀gbọ́n fi sínú áàpù ìpèrun tó ṣe fún ìjọ. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, bí fóònù bá ti pèrun báyìí, Màmá á dìde, á gbé omi àlùwàlá fún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ò lè wò ó mọ́.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yọ ohùn náà ni ẹ̀rọ ń dá a padà. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ to áàpù náà pọ̀ fún Android àti iPhone, á da àwọn fáìlì tí ẹ̀gbọ́n tún ṣe nù, á fúnra rẹ̀ ṣe òmíràn látinú fáìlì ìpìlẹ̀.

"Ó dáa. Ìpìlẹ̀ yẹn gan-an ni màá ti yọ wọ́n."

Ó yọ ọ́. Ó ní kí ẹ̀rọ tún gbogbo rẹ̀ tò. Wọ́n jókòó ti fóònù títí àsìkò Alaásárì fi tó. Iná fóònù tàn, kò dún.

"Wọ́n ti lọ," Nàfísà sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Màmá gbé kẹ́tùlù àlùwàlá jáde, omi kún inú rẹ̀.

"Ẹ bá mi jí bàbá yín. Ìrun ti tó, n ò tíì gbọ́ ohùn wọn."