Ẹni Bá Lu Láídé

Ọmọrogùn balẹ̀ gbàù léjìká Níyì. Kó tó yẹ̀, ó ti bà á lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti fi obì tó ń bó sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń lu ọmọ òun, ó gun ọ̀kadà dé ilé wọn l'Ọ̀fin, ó ń na àna rẹ̀ torin-torin:

"Láídé mi kì í ṣe ìlù o,
Ẹni bá lù ú yóò jó!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lù ú!"

"Kí ló wá sọ itan rẹ̀ di dúdú? Ẹ̀jẹ̀ eyín ńkọ́? Ìgbájú ta ni?"

"Fúnra ẹ̀ ló ń jáde, mà. Ibà ò lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá rìn díẹ̀, á máa mí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì ní inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni àìsàn wà, ká gbé e lọ ọsibítù ńlá lónìí. Báàgì wa nìyí."

"Báàgì tí o fi ń lé e jáde!" Ó tún fọ́ ọ lẹ́yìn.

"Màámi, ẹ fi í sílẹ̀," Láídé sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Dákẹ́! Ilé là ń lọ."

Ìyá rọra dì í lápá mú bí ọmọ tuntun, ó ń kọrin, ó mú un dé títì. Níbi tí wọ́n ti ń retí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ Láídé yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ìyá tú ọwọ́.

Ojú ìka márùn-ún dúdú lápá ọmọ. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó bá a mu régí.

Orin dákẹ́. Níyì tó ń tẹ̀ lé wọn nu ẹ̀jẹ̀ ojú, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi gbé e pọ̀n. Ẹ rọra dì í mú o."