Oorun Tísà

Ìyá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ihò imú tísà, ó sì figbe ta.

"Ọlálérè, ọmọ mi ò mí mọ́!"

Ọkọ tísà ló ní kí wọ́n wọlé, pé ìyàwó òun ń sùn, pé òun fẹ́ sáré ra búrẹ́dì fún wọn. Ìlú Àfìn ni ìyá àti Ọlálérè, àbúrò tísà, ti wá kí i ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé àrùn tó ń sọ iṣan di ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó lè máa mí, kó sì máa sùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ihò kan lọ́rùn rẹ̀, lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bò ó, ló fi ń mí báyìí.

"Ara rẹ̀ ṣì gbóná, Màámi."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni! Ọmọ tó ń hanrun títí aládùúgbò fi ń gbọ́, ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

Tísà ń gbọ́ wọn. Ìpénpéjú rẹ̀ kọ̀, kò ṣeé gbé. Ohùn kò sí. Ó fẹ́ mi ìka kan, ìka náà kò dá a lóhùn.

Ìyá wó lù ú, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn, lórí aṣọ fẹ́lẹ́ náà, ó sì dì í mú gbádígbádí.

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ o, ọmọ mi."