Ohùn Ẹranko Abẹ́ Òkè

Káfíńtà náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù. Ẹgbẹ́ ọ̀hún kì í sanwó. Géèmù àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Ẹranko Abẹ́ Òkè ni wọ́n ń tún ṣe lọ́tun. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́, làwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bá kóra jọ lórí ayélujára, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Nígbà tí káfíńtà ń kọ́ṣẹ́, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló fi ń gbá géèmù yìí ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ibẹ̀ náà ló ti rí ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, tó ní òun ń dúró de ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún kò yọjú títí di òní.

Káfíńtà kò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà lọ, ṣùgbọ́n tó bá di ti ariwo, ó ní in lọ́pọ̀. Ó ń fi fóònù gba ohùn ilẹ̀kùn, ayùn àti òòlù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ìṣó ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́. Ojú-Iná ni olórí wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹnu ọ̀hún sì mú bí abẹ. Ó lè fi odidi ọjọ́ mẹ́ta jà lórí ẹ̀wù ọdẹ inú géèmù, pé apá rẹ̀ kò jókòó dáadáa léjìká. Bí wọ́n bá sì ti jẹun ọ̀sán tán, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí di aago mẹ́rin. Káfíńtà gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ni, pé ó ti lọ sí kíláàsì.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí," á mirí, "wọn ò mọ àgbà."

Kò sọ nílé. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, inú yàrá kejì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbọ́ pé arúgbó ń bá wọn ṣe géèmù, ẹ̀sín rẹ̀ kò ní tán láyé.

"Bàbá wọn, ẹ̀yin àti fóònù yìí, ṣé kò sí o?"

"Oníbàárà ni."

"Oníbàárà lèmi náà ń dá lóhùn," ni ìyàwó wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù tirẹ̀.

Sátidé ni géèmù máa jáde. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ojú-Iná kọ̀wé sí i pé: "Ìṣó, ẹranko wa yadi. Bí mi ò bá rí ohùn rẹ̀ gbà kí Fráìdé tó pé, màá yọ orúkọ rẹ kúrò lára orúkọ àwọn tó ṣe géèmù yìí."

Káfíńtà tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kan ilẹ̀kùn tó tó ẹgbẹ̀rún láyé, kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó fẹ́ kí orúkọ yìí wọlé, kódà bó ṣe Ìṣó lásán.

Ó dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ó bú ramúramù fúnra rẹ̀. Oníbàárà kan tó ń bọ̀ yí padà.

"Ajá ló ń húkọ́ yìí," ni Ojú-Iná dáhùn.

Ó wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lórí sìmẹ́ńtì.

"Kọ́bọ́ọ̀dù nìyí."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ó wálé wá jẹun ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀ jẹun yó, ó nà gbalaja sórí àga gígùn, oorun gbé e lọ. Ni ohùn bá bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìsàlẹ̀ wá, ó gòkè, ó dúró díẹ̀, ó wá já lulẹ̀. Ṣíbí gbọ̀n nínú àwo. Láti ọgbọ̀n ọdún ni ìyàwó ti ń búra pé òun kì í hanrun. Ìgbà tí káfíńtà sọ ọ́ kẹ́yìn, ńṣe ló di ẹrù, ó lọ sílé àbúrò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, búrẹ́dì sì ni káfíńtà fi ọ̀sẹ̀ méjèèjì jẹ. Nítorí náà, ó bọ́ bàtà kó tó gbé fóònù sún mọ́ imú rẹ̀, ó gba ohùn náà sílẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ojú-Iná.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ìyàwó ti jí, ó ti wọ yàrá ìránṣọ, kí èsì tó dé.

"Ha! Ìṣó! Ẹran burúkú wo lèyí? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù! Ohun tí mo ti ń wá nìyí. Ṣùgbọ́n o mọ òfin wa, a kì í lo ohùn ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ta ló ni ín?"

"Ẹranko ni."

"Ẹranko ta?"

Káfíńtà nu òógùn ojú. Nínú yàrá, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún.

"Tèmi ni."

"Má parọ́ fún mi o. Sọ òótọ́, tàbí kí n yọ orúkọ rẹ báyìí."

Ó ro ti orúkọ, ó ro ti búrẹ́dì. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ọ̀gá, ìyàwó mi ni. Ó ń hanrun bí ẹni ń fi ayùn la igi ìrókò. Bó bá gbọ́, mo gbé. Ẹ ṣáà lò ó, ẹ bá mi bò ó láṣìírí. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ géèmù, kò sí ibi tó ti lè gbọ́ ọ láéláé."

Ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, kò dún mọ́. Káfíńtà kò gbórí sókè, ojú rẹ̀ wà lára fóònù, títí èsì fi wọlé.

"Ẹni tó ni ohùn ti fọwọ́ sí i, Bàbá wọn, orúkọ yín sì ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹ yáa sáré lọ ra búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ méjì."