Ọ̀dà Pupa Lára Igi Ìyá

Ọ̀sán ni Alábẹ̀wò gbé ọ̀dà pupa náà wá, àwọn agolo ńlá àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun. Ó tẹríba kí obìnrin onígbó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń pè é ní "Ìyá mi", bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Inú obìnrin náà dùn ṣìnkìn.

Iṣẹ́ Alábẹ̀wò ni kó máa yẹ igbó wò, kó sì sọ èyí tó tọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Igbó tó bá gbà á, a jẹ́ pé àwọn tó ni ín ń gé igi ní ìwọ̀ntunwọ̀nsì, wọ́n sì ń dá àwọn igi ìyá sí kí èso wọn lè máa já bọ́, kí ó máa hù. Àwọn oníṣòwò tó mọ ohun tó tọ́ á wá máa ra pákó lọ́wọ́ wọn. Ohun tí obìnrin yìí ti ń wá nìyẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Bàbá fi igbó náà sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fi tẹ̀ lé e: "Ẹ máa jẹ nínú rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́ tán."

"Igi ìyá ni kí ẹ kùn," ni Alábẹ̀wò wí. "Ẹ fà á yí igi ká níbi tó bá àyà yín dọ́gba, kí ẹ tún fa ìlà kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ga, tó tọ́ gbọnrangandan, ni kí ẹ yàn. Èyí tó bá ní ihò nínú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ wọ́n jù."

"Ta ni ì bá tún mọ̀ wọ́n?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará àdúgbò ò pe orúkọ mi mọ́. Ìyá Igbó ni wọ́n ń pè mí."

Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pọ́n àdá. Ayùn ni wọ́n ń pe òun. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn agbégilódò kiri, ó ń gbé ẹ̀rọ ìgégi lé èjìká láti igbó dé igbó, kó tó padà wálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á sílé, àmọ́ kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Àlejò lọ tán, Ayùn ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ra ọ̀dà yìí?"

"Alábẹ̀wò ni. Àbí o fẹ́ mu ún ni?"

"Igi ìyá tó bá ní ihò nínú, ṣé kì í so ni?"

"Ayùn, o ti gé tìrẹ láyé. Jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ tọ́jú igi tọ́jú igi."

Ayùn tún fa àdá rẹ̀ mọ́ra, ó ń pọ́n ọn lọ.

Ìyá Igbó fúnra rẹ̀ ló kùn wọ́n. Ó mọ èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń fẹ̀yìn tì. Ó mọ èyí tí òun àti Ayùn sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí òjò ká wọn mọ́ igbó lọ́mọdé. Ó ń fọwọ́ pa èèpo wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ: "Dúró jẹ́ẹ́, kò ní pẹ́." Ó fi kerosíìnì fọ ọwọ́ títí, ọ̀dà ò kúrò léèékánná rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Alábẹ̀wò ní kó wá gba ìwé ẹ̀rí ní ọ́fíìsì ìlú, Ìyá Igbó gba etí odò kọjá kó lè tún wo iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá Ayùn. Ẹrẹ̀ dé e ní ìgbọ̀nwọ́. Ó ń fi àdá ha ọ̀dà kúrò lára igi, ó sì ń fi ẹrẹ̀ pa ojú ibẹ̀. Ó ti ṣe ti etí odò tán, ó ń bọ̀ lókè.

"Yéè! Ayùn! Kí lò ń ṣe yìí?"

"Ẹ farabalẹ̀ gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀dà yẹn..."

"Níbi tí o ti ṣiṣẹ́! Àwọn ló rán ọ, àbí? Kí o yọ àmì kúrò kí wọ́n lè rí igi gé! Wọ́n ń sọ fún mi pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, mi ò gbà."

"Ẹ má lọ sí ìlú lónìí. Mo bẹ̀ yín."

"Ọ̀dàlẹ̀! Kó ẹrù rẹ. Kí n má padà bá ọ lórí ilẹ̀ bàbá mi."

Ayùn fi igi sílẹ̀, ó yíjú sí i. "Bàbá yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ẹyin lohùn, ti obìnrin náà ti bọ́, ó sì ti fọ́. Ayùn nu àdá mọ́ ṣòkòtò, ó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹkún obìnrin náà pọ̀ débi pé awakọ̀ bi í pé ta ló kú.

"Àbúrò mi ni," ó ní.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé fún un ní àga. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ń ti fèrèsé, Alábẹ̀wò ò dé. Ó sùn sílé ìbátan kan, ó tún padà lọ jókòó. "Bóyá ọ̀nà ló dá a dúró," ni ó ń sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó wọkọ̀ padà sílé.

Kó tó dé ilé ló ti rí ojú ọ̀run níbi tí kì í ti í rí i. Táyà ọkọ̀ ńlá ti hú ojú ọ̀nà. Ó ká ọwọ́ lérí, ó sáré wọ igbó. "Ayùn ti tà mí! Ọmọ ìyá mi ti tà mí!"

Ọkùnrin kan ló kù níbẹ̀, ó ń kó ẹ̀ka sínú ọkọ̀.

"Níbo ni Ayùn wà? Ní kó jáde sí mi!"

"A ò mọ Ayùn kankan, Mama. Alábẹ̀wò ló gbé iṣẹ́ fún wa. Ó ní ẹni tó mọ igbó yìí dunjú ti bá wa yan èyí tó dára. Èyí tó bá ní ọ̀dà ni ká gé, ká má wulẹ̀ wo ìyókù." Ojú rẹ̀ bọ́ sí èékánná obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àṣé ẹ̀yin ni. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó rìn láàárín àwọn kùkùté, ìlà pupa lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí ó fi dé etí odò, níbi tí ó ti bá àwọn igi ìyá tó ṣì dúró, èso lórí wọn, ẹrẹ̀ gbígbẹ láyà àti lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí Ayùn ti ha ọ̀dà kúrò.