Òwú Pupa Abẹ́ Téèpù

Kọ́ládé mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlara ni àrùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn òun. Ríwáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Àdúgbò Fọlá Àgòrò ní Ṣómólú ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Yísà, àgbàlagbà ará Ìsẹ́yìn kan. Lẹ́yìn fírídọ̀mù rẹ̀, abẹ́ páànù ọ̀gá rẹ̀ yìí náà ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan, Oyinkọ́lá, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ládé ló kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń bó èèpo wáyà hàn án. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á kọjá níwájú Kọ́ládé, wọ́n á béèrè pé, "Oyin dà?"

Ohun tó fà á kò fara sin. Bí iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ kò bá tàn dáadáa, gílóòbù ni Kọ́ládé máa ń pààrọ̀. Bí ìyẹn bá tún kú, á pààrọ̀ òmíràn. Oyinkọ́lá kì í pààrọ̀ nǹkan kan kó tó mọ ibi tí àrùn wà. Á mú gílóòbù kékeré tó so wáyà méjì mọ́, á fi tọ iná láti ìdí bátìrì dé fíúsì, láti fíúsì dé iwájú ọkọ̀, bí ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran.

Bàbá Yísà ní àṣà kan tí kò sí ní ìsọ̀ mìíràn. Nítorí pé ooru ẹ́ńjìnnì máa ń tú téèpù tí wọ́n fi wé ojú wáyà, ó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti so òwú mọ́ ọn kí wọ́n tó tún wé téèpù mìíràn bò ó. Ọjọ́ fírídọ̀mù ni kálukú ń gba àwọ̀ òwú tirẹ̀. Pupa ni ti Kọ́ládé, funfun ni ti Oyinkọ́lá. Bàbá a máa wí pé, "Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́, kó má sá fún un."

Ní ọjọ́ kan, Bàbá kéde pé òun fẹ́ padà sí Ìsẹ́yìn lẹ́yìn Iléyá, àti pé Oyinkọ́lá ni yóò máa darí ìsọ̀.

Kọ́ládé fò dìde. "Bàbá, èmi ni mo ṣíwájú o!"

"Ìwọ lo ṣíwájú, àyè rẹ kò sì ní yẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tìrẹ bá bàjẹ́, ta ni wàá gbé e fún?"

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n ojú onílara kì í rí ọ̀run.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Leah gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ìlàjẹ ni, ẹja ló ń kó ní etí omi Bàríga ní ìdájí lọ sí Onípánù.

"Oyin, iná mi tún ń tòògbé o! Kọ́ládé ti pààrọ̀ gílóòbù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àbí ó ń fi wọ́n se ọbẹ̀ ni?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Kọ́ládé náà rẹ́rìn-ín.

Oyinkọ́lá tọ iná náà títí ó fi rí i pé ibi tí wọ́n ti de wáyà mọ́ ara irin ọkọ̀ ti dógùn-ún. Ó ha ibẹ̀ mọ́, ó fa wáyà tuntun sí i. Iná méjèèjì tàn yòò. Ó lọ fọwọ́, ó lọ jẹun. Kí ó tó dé, Kọ́ládé ti gé wáyà tuntun náà ku fọ́nrán méjì péré, ó sì fi téèpù bo ojú ibẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, fọ́nrán méjì náà já nítòsí Bájúláyé, lójú ọ̀nà Onípánù. Òkùnkùn bo ojú Ìyá Leah, ọkọ̀ já sí gọ́tà, apá ìyá náà sì kán.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ìsọ̀. Kọ́ládé ló kọ́kọ́ pariwo. "Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ ọkùnrin lẹ gbé fún obìnrin!"

Àwọn tó ti ń bá Oyinkọ́lá jẹun láti ọdún mélòó kan wá ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u wò kí ẹ tó dá mi lẹ́bi!"

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bàbá Yísà nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀ náà.

"Oyin, ibi mélòó lo ti so wáyà yìí?"

"Kò sí, Bàbá. Odidi ni mo fà á."

"Irọ́ ni!" ni Kọ́ládé wí. "Téèpù tiẹ̀ rèé!"

Bàbá fi bíléèdì la téèpù náà. Òwú pupa yọ lábẹ́ rẹ̀.

Kọ́ládé wo ìka ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Bí ọkàn rẹ̀ ti ń gbèrò ibi lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ti so òwú bó ti máa ń ṣe láti ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí yóò yọ́ ilẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ olúwa rẹ̀ ṣe.

Ẹgbẹ́ àwọn ríwáyà gba irinṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jẹ́ kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Ṣómólú àti Bàríga mọ́. Gílóòbù ló ń tà lórí tábìlì ní Onípánù báyìí. Bí oníbàárà bá ní, "Ẹ bá mi fi sí i," á na ọwọ́ sí ọ̀nà Fọlá Àgòrò. "Ẹ béèrè Oyin," ni yóò wí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlara kò fi kún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí ẹlòmíràn bá ta yín yọ, ẹ lọ kọ́ ohun tó mọ̀. Apá Ìyá Leah kò tíì nà tán títí di òní, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò sí nínú ìjà wọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kí Oyinkọ́lá máa lọ láì tú wáyà wò, ẹ má rò pé Kọ́ládé nìkan ni ìtàn yìí ń bá wí. Ẹ tú u wò kí ẹ tó dá ènìyàn lẹ́bi.