Ìwé Tí Mo Kọ́kọ́ Ṣí

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ìwé àwòrán tí a yàn fún ọmọ ọmọ mi, ìwé náà sì fi mí ṣe ọmọ tó ni ín.

Bí mo ṣe máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí n tó fún Mofiyìn náà ni mo ṣe yẹ ìwé yẹn wò. Ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ló yọ sójú ewé, èyí tó rì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ta ló sọ fún ìwé náà?

Mofiyìn na ọrùn. "Màmá àgbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Wò ó dáadáa, ìyá mi. Ọkọ̀ nìyẹn."

"Funfun ni!"

Mo ní kí akọ̀wé ilé ìwé tó fún wa ní ìwé náà pa ojú mi rẹ́ nínú rẹ̀.

"Kì í parẹ́, Mà. Ojú tó bá kọ́kọ́ rí i nìkan ló ń yàwòrán fún. Ìwé kan ni ọmọ kan ń gbà lọ́dún." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti di ọmọ ọdún márùn-ún nìyẹn."

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Kí ni mo fẹ́ fi A, B, D ṣe?"

Ilé ìwé kì í gba ọmọ tí kò lè ka ìwé tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ẹgbẹ́ Mofiyìn wọlé. Òun jókòó tì mí, ó ń ṣí ewé funfun. Ó di ọdún tó ń bọ̀.